Àbọ̀ ọ̀rọ̀ wẹ́ẹ̀bù wa: a ti pín in sí méjì

Ẹ kú ìdúró o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹ rántí pé mo bèèrè bóyá ká ya àwọn tó ń bá wa kọ kóòdù open source (kóòdù tí ẹnikẹ́ni lè wò, kó lò, kó sì tún ṣe) sọ́tọ̀ kúrò níbi tá a ti ń tajà, torí kọ́sítọ́mà ń lọ béèrè ríṣíìtì lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń dùn wọ́n gan-an. A ti ṣe é.

Bọ̀dá tó ní ká lọ wo WordPress, ìyẹn kóòdù open source tí wọ́n fi ń ṣe wẹ́ẹ̀bù, ẹ ṣé, ìyẹn ló là mí lójú: kóòdù yẹn ti wà láti 2003, ilé iṣẹ́ Automattic wá ṣí WordPress.com tí wọ́n fi ń tajà ní 2005, nígbà tó di 2010 wọ́n fa orúkọ náà lé WordPress Foundation, àjọ tí kì í wá èrè, lọ́wọ́. Síbẹ̀ àwọn èèyàn ṣì ń ṣi WordPress.org, níbi tí kóòdù ọ̀fẹ́ yẹn wà, mú fún WordPress.com torí orúkọ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ́, ìdí nìyẹn táwa fi fi orúkọ àtijọ́ sílẹ̀ fáwọn tó ń kọ kóòdù, a wá fún ti ọjà lórúkọ míì pátápátá.

Ẹnì kan tó ti bínú lọ padà wá lánàá, ó ti tún bug (àṣìṣe inú kóòdù) méjì ṣe. Inú mi dùn gan-an ni. Mo ti ń ti ọ̀rọ̀ yìí pa o, ẹ ṣeun.