Ilé ní Dettenhausen: ṣé ọkọ̀ ojú irin ibẹ̀ ṣe é gbára lé?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Mo rí ilé kan ní Dettenhausen níbí ní Jámánì, owó rẹ̀ sì rọjú ju ti Böblingen lọ. Böblingen ni iṣẹ́ mi wà, mi ò sì ní mọ́tò. Ọ̀rẹ́ mi ní inú igbó ni mò ń kó lọ, pé ibẹ̀ ni ojú irin parí sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn kó bá mi dá sí i.

Bàbá Holzgerlingen: Ìyá Ìbejì, ẹ gbà á. Igbó Schönbuch ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n Schönbuchbahn, ọkọ̀ ojú irin ibẹ̀ yìí, ti kú rí, ó tún jí. 1910 ni ọkọ̀ kọ́kọ́ ti Böblingen dé Weil im Schönbuch, ó wọ Dettenhausen ní 1911. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 17. Ní 1966, tí oníkálukú ti ń ra mọ́tò, wọ́n dá ọkọ̀ èrò dúró, wọ́n fi bọ́ọ̀sì rọ́pò. Ọgbọ̀n ọdún gbáko! Ìgbà tó yá ni agbègbè Böblingen àti ti Tübingen da owó pọ̀, wọ́n tún ojú irin náà ṣe, ọkọ̀ sì padà ní oṣù Kejìlá 1996. Èrò 2,500 lóòjọ́ ni wọ́n ṣírò. Kíákíá làwọn tó ń wọ̀ ọ́ ti ju 3,000 lọ, nígbà tó sì yá wọ́n lé ní 7,000. Ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì kékeré yẹn ò gbà wọ́n mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fa wáyà iná sí i, tí wọ́n sì fi ojú irin kejì kún un láwọn ibì kan. Lẹ́yìn iṣẹ́ náà, oṣù Kejìlá 2019 ni èrò tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Bàbá, ìtàn dùn, àmọ́ obìnrin yìí fẹ́ débi iṣẹ́ lásìkò ni 😂

Bàbá Holzgerlingen: Mo ń bọ̀ níbẹ̀, ọmọ yìí. Lọ́jọ́ iṣẹ́, ìṣẹ́jú 15-15 ni ọkọ̀ ń lọ láti Böblingen sí Holzgerlingen. Ti Dettenhausen, ìṣẹ́jú 30-30 ni. Ẹ ka orúkọ tó wà níwájú ọkọ̀ kí ẹ tó wọlé, torí ìdajì wọn ò kọjá ọ̀dọ̀ wa. Mo ti rí àlejò tó gbé ẹrù sórí bẹ́ǹṣì ní Holzgerlingen, tó ń wo ọkọ̀ tó padà sẹ́yìn.

Ohun kan tún wà. Níbi tí ojú irin bá ti jẹ́ ẹyọ kan, ọkọ̀ méjì ò lè pàdé. Ọ̀kan á dúró de èkejì. Tí ọ̀kan bá pẹ́, èkejì náà pẹ́ nìyẹn. Tí ẹ bá fẹ́ já sí S1, ọkọ̀ ojú irin mìíràn, ní Böblingen lọ Stuttgart, ẹ má fi ìṣẹ́jú mẹ́ta ta tẹ́tẹ́. Ẹ wọ èyí tó ṣáájú.

Ọmọ Èkìtì: Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ọ̀rọ̀ mi yàtọ̀. Mà, ẹ wo àkókò ọkọ̀ ìkẹyìn àti ti ọjọ́ Sunday kí ẹ tó fọwọ́ síwèé ilé. Tí ẹ bá rí SEV lórí fóònù, bọ́ọ̀sì ni wọ́n fẹ́ fi gbé yín, ibùdókọ̀ rẹ̀ sì lè má sí lẹ́nu stéṣọ̀n.

Ilẹ̀kùn náà kì í fúnra rẹ̀ ṣí o! Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ mi, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ère, mò ń retí. Ọkọ̀ gbéra pẹ̀lú mi. Bọ́tìnnì wà lára ilẹ̀kùn, ẹ tẹ̀ ẹ́. Láwọn ìlà ìgbèríko mìíràn, bẹ́ẹ bá rí *Bedarfshalt*, ibùdó tí ọkọ̀ kì í dúró àfi tí ẹnì kan bá fẹ́ ẹ, ẹni tó bá fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnnì kí ọkọ̀ tó débẹ̀. Ẹni tó bá wà nílẹ̀ náà, kó dúró síbi tí awakọ̀ ti lè rí i.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Tíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́?

Ọmọ Èkìtì: Deutschlandticket, tíkẹ́ẹ̀tì olóṣooṣù. Yúrò 49 ló wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2023, ó di 58 ní 2025, ó ti di 63 ní 2026. Ó gbé yín dé Stuttgart àti bọ́ọ̀sì abúlé, ṣùgbọ́n ẹ má fi wọ ICE, ọkọ̀ ojú irin ayára tó ń lọ ọ̀nà jíjìn. Oṣooṣù ló ń gba owó fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ já a kúrò, kó ṣe é, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ kẹwàá oṣù náà. Ẹ bi ọ̀gá yín léèrè Jobticket, wọ́n lè bá yín san díẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá mú láìní tíkẹ́ẹ̀tì, yúrò 60.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun gan-an. Ọjọ́ Ẹtì ni mò ń lọ wo ilé náà. Màá tẹ bọ́tìnnì.

Bàbá Holzgerlingen: Ẹ ka iwájú ọkọ̀ náà o!