Ẹ̀yìnkùlé kọ́, àká ni

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ ìwé ìtọ́sọ́nà OpenLDAP, ìyẹn sọ́fítíwia sáfà atọ́ka-orúkọ, lédè Yorùbá béèrè lánàá pé kí ni ká máa pe “backend”, apá ẹ̀yìn tó ń bá sáfà wá ohun tí èèyàn béèrè. Orí tí wọ́n wà báyìí ló ń ṣàlàyé oríṣiríṣi ibi tí sáfà atọ́ka-orúkọ lè kó orúkọ òṣìṣẹ́, ímeèlì àti ọ̀rọ̀ aṣínà wọn sí. “Ẹ̀yìnkùlé” ni wọ́n dábàá. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n kò bá mi lára mu.

Ohun tí Yorùbá kọ́kọ́ máa rántí tó bá gbọ́ ọ ni pé ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Ta ló máa wá kó ọ̀rọ̀ aṣínà gbogbo iléeṣẹ́ síbẹ̀? Mo ń ṣàwàdà ni o. Àmọ́ ibi tí nǹkan wà nìkan ni ẹ̀yìnkùlé ń sọ, kò sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. A ń da omi ìfọṣọ síbẹ̀, adìyẹ ń jẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dé ọjà Balógun, níbi tí màmá mi ti ń ta léèsì. Oníbàárà kì í bá wọn wọ ibi tí ẹrù wà. Iwájú ló máa dúró sí, á ní òun fẹ́ aláwọ̀ ewé. Ọmọ tó ń bá màmá mi tajà á sáré gòkè lọ gbé e wá. Ohun tí slapd, ìyẹn sáfà OpenLDAP fúnra rẹ̀, ń ṣe gan-an nìyẹn: òun ló ń gbọ́ ìbéèrè níwájú, òun kọ́ ló ń tọ́jú ẹrù. Àwọn ará Ìdúmọ̀tà á ní “sítọ́ọ̀” ni kí ẹ kọ. Mi ò bá wọn jà, àfi pé l'Ékòó wa yìí, ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ń jẹ́ sítọ́ọ̀ lẹ́nu ẹlòmíì, ìyàtọ̀ tí à ń wá á tún pòórá.

Àká ni mo fara mọ́, ibi tí àgbẹ̀ ń kó ọkà sí. Ẹ fi sínú gbólóhùn ìwé náà kẹ́ ẹ gbọ́ ọ (orúkọ oríṣi “backend” mẹ́ta ni bdb, hdb àti mdb): “Láti ẹ̀dà 2.5, tó jáde lọ́dún 2021, wọ́n ti yọ àká bdb àti àká hdb kúrò. Àká mdb ni kí ẹ lò.” “Maxsize ló ń sọ bí àká ṣe lè tóbi mọ. Tí ẹ kò bá kọ ọ́, báìtì 10,485,760 péré ni.” Ẹni tó bá gbàgbé ìlà yẹn, lọ́jọ́ kan sáfà á kọ̀ láti gba orúkọ tuntun, àṣìṣe MDB_MAP_FULL ló sì máa rí. Àká ti kún! Ta ni kò ní yé? Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní ẹ̀yìnkùlé ti kún, koríko lèmi máa rò.

Nípa mdb yìí kan náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ “àfirántíyàwòrán” kúrò fún “memory-mapped”. Kí lẹnu ṣe tí a fi ń fìyà jẹ ẹ́? Yorùbá ní “tẹ́”. Nígbà tí Howard Chu, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣe OpenLDAP, ṣe LMDB, dátábéésì tí mdb ń lò, lọ́dún 2011, ohun tó sá fún ni wàhálà bdb, tó ní káàṣì tirẹ̀ (ibi tó ń kó nǹkan sí fúngbà díẹ̀ nínú mẹ́mọ̀rì) tí èèyàn gbọ́dọ̀ máa wọ̀n fún un nínú fáìlì ìṣètò DB_CONFIG. Mdb ń tẹ́ fáìlì náà sínú mẹ́mọ̀rì bí màmá mi ṣe ń tẹ́ léèsì sórí tábìlì: ogún èèyàn lè máa wò ó pọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló lè kọ nǹkan sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ewé tuntun lẹni yẹn sì ń kọ ọ́ sí, kò fọwọ́ kan èyí tí àwọn yòókù ń kà lọ́wọ́, torí náà kò sẹ́ni tó ń dúró de ẹnì kan láti kà. “Àká tí a tẹ́ sínú mẹ́mọ̀rì.” Ó parí.

Ibi tí àká ti kọsẹ̀ rèé. Bákẹ́ńdì kan wà tó ń jẹ́ ldap, kò tọ́jú nǹkan kan. Ọwọ́ sáfà mìíràn ló ń sáré lọ béèrè nǹkan, bí ọmọ màmá mi ṣe ń lọ yá léèsì ní ṣọ́ọ̀bù kejì nígbà tí tiwọn bá tán. Bákẹ́ńdì null tiẹ̀ tún burú jù, gbogbo ohun tí ẹ bá gbé fún un ló ń dà nù. Àká wo nìyẹn? Nítorí náà, kí “bákẹ́ńdì” dúró fún gbogbo wọn lápapọ̀, ká fi “àká” mọ sí èyí tó ń tọ́jú ẹrù. Àǹtí wa ní Yábàá á ní ọmọ Èkó kò mọ àká. Ṣé wọ́n mọ slapd ni?

Bákẹ́ńdì sql ló ṣì ń dá mi láàmú. Inú dátábéésì ẹlòmíì lẹrù wà, slapd kàn ń gba ODBC, ọ̀nà tí sọ́fítíwia fi ń bá dátábéésì sọ̀rọ̀, wò ó bíi pé tirẹ̀ ni. Àká ni àbí ọmọ tó ń yá léèsì? Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dá sí i.