Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, wọ́n rán àbúrò mi lẹ́wọ̀n lórí ohun tí ò ṣe

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ràn mí lọ́wọ́. Odogunyan n'Ikorodu la wà. Wẹ́dà ni àbúrò mi, ọlọ́pàá wá mú u ní ṣọ́ọ̀bù pé ó wà lára àwọn tó ja obìnrin kan lólè lóru, bẹ́ẹ̀ òun àti ọ̀gá ẹ̀ ni wọ́n jọ ń jó géètì oníbàárà mọ́jú lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n lù ú ní tésàn títí tó fi sáìn bébà tí wọ́n ti kọ sílẹ̀, àpá okùn ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ ẹ̀. Òfin Èkó ní tí ò bá sí fídíò, lọ́yà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ ìjẹ́wọ́ èèyàn sílẹ̀, kò sí ìkankan, síbẹ̀ adájọ́ gba bébà yẹn wọlé, ó di ẹ̀wọ̀n ọdún 21! Ọ̀gá ẹ̀ tó yẹ kó jẹ́rìí, lọ́yà tá a gbà ò tiẹ̀ pè é. Ó ń dùn mí wọra.

Wọ́n ní ọjọ́ 90 la ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn láti ilé ẹjọ́ gíga, ọjọ́ sì ń lọ. Ṣé OPD, ọ́fíìsì ìjọba Èkó tó ń gba ẹjọ́ mẹ̀kúnnù rò lọ́fẹ̀ẹ́, ṣì lè gbà á báyìí, àbí Legal Aid tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ ni kí n lọ? Ìwé wo ni kí n kọ́kọ́ gbà ní kọ́ọ̀tù?