Orúkọ Zeidler: iṣẹ́ wo ni wọ́n fi sọ ọ́?

Olùbéèrè: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Jámánì, ẹ jọ̀ọ́. Müller, Schmidt ni mò ń rí káàkiri, àfi bí mo ṣe rí Zeidler lára bẹ́ẹ̀lì ilé kan lánàá. Wọ́n ní orúkọ iṣẹ́ lòun náà. Iṣẹ́ wo? Kí ló dé tí ò wọ́pọ̀?

Èsì 1: Iṣẹ́ oyin ni o, àmọ́ kì í ṣe oyin inú àpótí, tinú igbó ni. Wọ́n á gun igi lọ sókè fíofío, wọ́n á gbẹ́ ihò sí i lára, wọ́n á fi pákó dí i, wọ́n á ṣẹ́ àyè kékeré kù kóyin lè máa gbabẹ̀ wọlé. Igbó ọba lẹ́bàá Nürnberg ni wọ́n ti gbajúmọ̀ jù, lọ́dún 1350 Ọba Charles IV fọwọ́ sí ẹ̀tọ́ tiwọn, wọ́n tiẹ̀ láṣẹ láti gbé àkàtànpó! Ìyẹn ló dùn mọ́ mi jù.

Èsì 2: Ṣebí ṣúgà ló pa iṣẹ́ yẹn, ìyẹn lorúkọ fi wọ́n.

Èsì 3: Rárá o bọ̀dá, orúkọ ti dúró kí ṣúgà tó pọ̀ níta. Abúlé wo ni ò nílò ẹni tó ń lọ ọkà? Òun ló jẹ́ kí Müller pọ̀ jù ní Jámánì. Zeidler ní tiẹ̀, ibi tígbó ńlá bá wà nìkan ni.

Èsì 1: Mùsíọ́mù àwọn Zeidler wà ní ìlú Feucht, ò jìnnà sí Nürnberg.

Olùbéèrè: Háà, ẹ ṣé gan-an. Àkàtànpó kẹ̀!