Alábàárù kan ń làágùn, méje ń jẹ àgbàdo: ẹ sọ tiyín nípa queue káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ọmọ Ojúẹlẹ́gba:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi nípa queue, ìyẹn ìlà tí packet (ègé data kéékèèké) ń tò sí lórí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí server tó gbà á, kí ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣe rí náà sọ tirẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ará Súrùlérè àti Ojúẹlẹ́gba ni mo wà nígbà náà. Server Linux kan ṣoṣo ni gbogbo oníbàárà ń gbà wọlé pẹ̀lú PPPoE, ọ̀nà ìwọlé tó ń di packet oníbàárà sínú àpò. Core mẹ́jọ (àwọn òṣìṣẹ́ inú CPU) ló ní, káàdì rẹ̀ sì ní ojúhò méjì: ọ̀kan kọjú sí àwọn oníbàárà, ìkejì kọjú síta.

Tó bá ti di aago mẹ́jọ alẹ́, ìpè dé nìyẹn. “Bọ̀dá, ṣé ẹ ti já wa ni?” “Ẹ̀gbọ́n, fídíò yìí ò lọ o.” Màmá kan wà ní Ìtìrẹ́ tí kì í tiẹ̀ kí mi mọ́. Tí mo bá ti gbé e, ohun tí wọ́n máa sọ ni pé, “Ọmọ mi, ó tún ti ṣe é.”

Ọ̀gá wa ní server ti darúgbó. Wọ́n ti ń bá àwọn ọmọ Computer Village ná owó server tuntun. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi ní alẹ́ kan péré.

Mo gbé gààrí àti ẹ̀pà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọ́ọ̀dù, mo tẹ `mpstat -P ALL 1`. CPU 0, ìyẹn core àkọ́kọ́, ti kún dé 100%, abẹ́ %soft, níbi tí iṣẹ́ gbígba packet ń hàn sí, ni gbogbo rẹ̀ wà. Àwọn méje yòókù, kò sí èyí tó dé 20%. Nínú `top`, `ksoftirqd/0`, tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn lórí CPU 0, ló jókòó sókè téńté. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé Ìdúmọ̀tà nígbà tí ọkọ̀ ẹrù bá dé, ẹ mọ̀ ọ́n: alábàárù kan á máa sáré lọ sáré bọ̀ pẹ̀lú páálí lórí, òógùn á bò ó, àwọn méje á gbé díẹ̀, wọ́n á fìdí kalẹ̀, wọ́n á máa jẹ àgbàdo.

Mo rò pé bóyá queue kan ṣoṣo la ṣí. `ethtool -l` ní rárá o, mẹ́jọ ni. Mo tẹ `ethtool -x` kí n wo àtẹ tí káàdì fi ń pín packet: ojú 128 ló ní, wọ́n pín in dọ́gba láàárín queue 0 sí 7. Mo lọ sínú `/proc/interrupts`, queue kọ̀ọ̀kan ní interrupt tirẹ̀ (ìpè tí káàdì fi ń pe core wá ṣiṣẹ́) lórí core tirẹ̀. Gbogbo rẹ̀ dára. Gààrí mi ti wú kọjá bó ṣe yẹ. Ìgbà tí mo wá tẹ `ethtool -S` lórí ojúhò àwọn oníbàárà, tí mo sẹ́ ẹ bí ẹni sẹ́ ògì, ni mo rí i: `rx_queue_0_packets` ń sáré bíi mítà ilé epo, ti queue 1 dé 7 ò mira.

Káàdì kì í pín packet bó ṣe wù ú. Àdírẹ́sì IP ẹni tó fi packet ránṣẹ́ àti ti ẹni tó ń gbà á ni yóò kà, pẹ̀lú nọ́ńbà port wọn tó bá jẹ́ TCP. Á po gbogbo rẹ̀ pọ̀ di nọ́ńbà kan, nọ́ńbà yẹn ni á fi mọ ojú tó máa wò lórí àtẹ. RSS ni wọ́n ń pè é. Àmọ́ inú àpò PPPoE ni packet àwọn oníbàárà wa wà, káàdì wa ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tú àpò yẹn wò. Ohun tí kò bá rí kà, queue 0 ló ń jù ú sí. Nǹkan bí 900 oníbàárà, queue kan.

Ibi tó ti tan gbogbo wa jẹ rèé: download ni wọ́n ń ráhùn nípa rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojúhò ìta ni download ń gbà wọlé, láìsí àpò kankan, ìpín tibẹ̀ sì gún régé. ACK (èsì “mo ti gbà á”) tí àwọn oníbàárà ń dá padà ló há sí queue 0. Bí ACK bá pẹ́ tàbí tó sọnù, ẹni tó ń fi fídíò ránṣẹ́ lọ́hùn-ún á dẹsẹ̀ rìn. Ojúhò tí kò ní ẹ̀ṣẹ̀ la ti ń tẹjú mọ́ látọjọ́ yìí.

Àtúnṣe rẹ̀ ò ná wa ní kọ́bọ̀. Kernel, ìyẹn ọkàn Linux, mọ bí wọ́n ṣe ń tú àpò PPPoE. RPS wà nínú rẹ̀ láti 2.6.35, ní ọdún 2010. Kernel fúnra rẹ̀ ló ń tún packet pín lẹ́yìn tí káàdì bá ti já ẹrù kalẹ̀. Mo kọ `fe` sínú `/sys/class/net/eth1/queues/rx-0/rps_cpus`. Core 1 dé 7 nìyẹn. Mo yọ 0 sílẹ̀ torí òun ló ń já ẹrù. Kí n tó bu gààrí kan sẹ́nu, CPU 0 ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 40%, àwọn alájẹ-àgbàdo ti dìde.

Màmá Ìtìrẹ́ ò pè ní alẹ́ ọjọ́ kejì. Díẹ̀ ló kù kí n pè wọ́n fúnra mi.

Sístà Marina:

Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀dá. Tèmi ò tó báyìí rárá, ìtìjú ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ́fíìsì kan ní Broad Street, virtual machine (VM, kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà) lórí KVM. Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi fún mi ní vCPU (core ti VM) mẹ́jọ dípò méjì, kò sì yàtọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń tú database wò. Ìgbà tí mo tẹ `ethtool -l`, ohun tó kọ síbẹ̀ fún Combined (iye queue), pàápàá èyí tó pọ̀ jù tó lè gbà, ni 1. Ẹni tó kọ́ VM náà ò kọ `queues` sínú XML rẹ̀, fáìlì ètò VM. Èmi náà ni mo kọ́ ọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo fi `queues='8'` síbẹ̀. Ẹ rántí pé reboot láti inú VM ò tó, ẹ ní láti pa á pátá kí ẹ tó tún un tàn.

Ẹlẹ́wà Yaba:

Èmi àti irqbalance, ètò tó ń pín interrupt káàkiri àwọn core fúnra rẹ̀, la jọ jà. Mo fọwọ́ ara mi so interrupt kọ̀ọ̀kan mọ́ core nínú `smp_affinity`, mo jáde lọ ra ẹ̀wà àgàn-yìn, mo dé, wọ́n ti tú u ká. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Mo ti ń wo ọmọ tó jókòó tì mí tìfura-tìfura. Mi ò tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní.

Alóhùn Ìkẹjà:

Ilé-iṣẹ́ ìpè ni tiwa. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ohùn àwọn èèyàn á máa já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Gateway kan ló ń kó gbogbo ìpè wá sí server kan, nítorí náà IP méjèèjì ò yí padà rárá, port nìkan ló ń yàtọ̀ láti ìpè dé ìpè. `ethtool -n eth0 rx-flow-hash udp4` fi hàn mí pé IP nìkan ni káàdì wa ń wò fún UDP, ọ̀nà tí packet ohùn ń gbà. Mo tẹ `ethtool -N eth0 rx-flow-hash udp4 sdfn`, ó bẹ̀rẹ̀ sí ka port náà. Ìkìlọ̀ kan jáde nínú `dmesg` pé packet tí wọ́n bá gé sí wẹ́wẹ́ lè dé ní ségesège, torí ègé àkọ́kọ́ nìkan ló ń gbé port. Àyà mi já díẹ̀. Àmọ́ packet ohùn G.711 oní 20 ms ò ju 200 báìtì lọ, ta ló fẹ́ gé e? Ẹni tó bá ń gbé ẹrù ńlá lórí UDP ni kó rò ó wò.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:

Ẹ̀gbọ́n Ojúẹlẹ́gba, tí oníbàárà kan bá ń fa fáìlì ńlá kan ṣoṣo, ṣé core méje yìí á pín in gbé? Àti pé, tí iná bá lọ tí server bá tún tàn, ṣé `fe` yẹn á ṣì wà níbẹ̀?

Ọmọ Ojúẹlẹ́gba:

Rárá sí méjèèjì, àbúrò. Ìsopọ̀ kan, core kan ni, kí packet má baà dàrú lójú ọ̀nà. Ti iná yẹn sì ni, ojú mi rí i: inverter kú lóru ọjọ́ Ẹtì kan, server tàn padà, `rps_cpus` ti di 0. Ohùn màmá Ìtìrẹ́ ló jí mi. Ó ti wà nínú systemd, tó ń tan àwọn iṣẹ́ nígbà tí server bá tàn, báyìí; `alabaaru.service` ni mo sọ ọ́.