Ẹni tó dé ẹsẹ̀ Everest ò tíì parí ìrìn: ìrírí ẹni mẹ́ta lójú ọ̀nà àbọ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ibùdó tó wà lẹ́sẹ̀ Everest ní Nepal láti fi gba owó jọ fún ẹgbẹ́ aláàánú, ìgòkè ló sábà máa ń múra fún. Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń ba orúnkún jẹ́. Ibùdó náà ga tó mítà 5,364. Lukla, níbi tí a ti ń wọ bàálù, jẹ́ 2,860. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni àwọn afinimọ̀nà sábà ń fi sọ̀ kalẹ̀ láti Gorak Shep, ìletò tó kẹ́yìn kí a tó dé ibùdó náà: wọ́n á sun Pheriche, wọ́n á sun Namche, wọ́n á sì dé Lukla. Ẹran itan ló ń dá gbogbo ara dúró kó má baà já lulẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe irú iṣẹ́ yìí nígbà ìgòkè.

Ẹ fi sẹ̀ntímítà 5 sí 10 kún gígùn ọ̀pá ìtilẹ̀ yín. Ẹ gé èékánná ẹsẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní Gorak Shep, kí ẹ sì so okùn bàtà le dáadáa lọ́rùn ẹsẹ̀, torí bí ẹsẹ̀ bá ń yọ̀ síwájú, èékánná á máa kan imú bàtà, á dúdú, á sì bọ́ dànù tó bá yá. Ìṣísẹ̀ kúkúrú ni kí ẹ máa gbé.

Ọ̀nà ọ̀hún kì í ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nìkan. Tí ẹ bá kúrò ní Tengboche tó jẹ́ 3,860, ẹ óò já wálẹ̀ dé etí odò ní Phunki Tenga, nǹkan bíi 3,250, ẹ óò sì tún pọ́nkè kí ẹ tó rí Namche. Lọ́jọ́ ìkẹyìn, Phakding wà ní 2,610, ó rẹlẹ̀ ju Lukla lọ. Mítà 250 tó kù yẹn, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti kú tán, ló ń mú omijé jáde lójú àgbà. Ẹ fi omi àti ìpápánu pamọ́ dè é. Tí ẹ bá pàdé àwọn yak tó ru ẹrù, ẹ fara ti apá òkè, ẹ má dúró sí apá ọ̀gbun.

* * *

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ ìlera ni tèmi. Ọ́síjìn tí èèyàn ń mí sínú ní ibùdó ẹsẹ̀ Everest fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìdajì ti etí òkun lọ. Ẹni tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí kò lè to gìgísẹ̀ mọ́ ọmọ ìka lórí ìlà kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọpọlọ rẹ̀ ló ń wú. Ẹni tó ń mí gúlegúle lórí ìjókòó, ó ṣeé ṣe kí omi ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Kí wọ́n sìn ín sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ lóru. Àwọn tó ń fi ìrìn yìí gba owó jọ ló sábà máa ń fi orí fífọ́ pamọ́, nítorí ojú àwọn tó dáwó. Ẹ ti sọ fún wọn ṣáájú pé kì í ṣe gíga òkè ni wọ́n ń sanwó fún.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ẹ mọ jẹ́nótáìpù yín. SS ò gbọdọ̀ dé irú òkè bẹ́ẹ̀. AS náà, kó kọ́kọ́ rí dókítà: ìrora òjijì lábẹ́ ìhà òsì lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì níbẹ̀.

* * *

Ẹ kú àlàyé. Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ẹrù aláàárù kò yẹ kó ju kílò 30 lọ, ìyẹn ẹrù arìnrìn-àjò méjì, kílò 15 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní Lukla, ẹ fi owó ìdúpẹ́ lé aláàárù kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, ní rupee Nepal. Ẹ má fi rán ẹnìkan. Kathmandu ni kí ẹ ti kó owó náà dání, torí ẹ̀rọ ATM òkè kì í ṣeé gbọ́kàn lé. Kùrukùru máa ń dá bàálù Lukla dúró, nítorí náà ẹ fi ó kéré tán ọjọ́ méjì sílẹ̀ ṣáájú bàálù tí yóò gbé yín padà sílé.

Ní Ìlú Ọba, Gift Aid, ètò ìjọba fún owó àánú, ń fi pẹ́nì 25 kún pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tí ẹni tó ń san owó orí bá dá. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ aláàánú bá bá yín san owó ìrìnàjò, èyí tí ẹ̀yin, ọkọ tàbí aya, òbí, ọmọ àti ọmọ ìyá yín bá dá kì í sábà rí àfikún yìí gbà. Orúkọ ní kíkún àti àdírẹ́sì ilé ló gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé ìdáwó. Tó bá jẹ́ “Mọ́mì Tólú” nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, àfikún yẹn ò ní wọlé.