Ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù níwọ̀nba èèyàn l'Abẹ́òkúta, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin ará, èmi àti àfẹ́sọ́nà mi fẹ́ ṣe kọ́ọ̀tù ní ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Abẹ́òkúta, l'Áké níbẹ̀, ìdána ti kọjá, èèyàn bí ogún la fẹ́ kó lọ. Ọjọ́ 21 ni òfin ní kí ìkéde wa fi wà nílẹ̀ kí wọ́n tó fún wa níwèé, láàárín oṣù 3 tá a bá ti forúkọ sílẹ̀ la sì gbọ́dọ̀ ṣe é, torí náà kò sáyè à ń fà á.

Ibi tọ́rọ̀ ti ta kókó ni màámi. Wọ́n ní àkọ́bí àwọn ò lè ṣègbéyàwó bí ẹni jí ìyàwó gbé, pé kí làwọn fẹ́ sọ fún ẹgbẹ́ àwọn tó ń retí aṣọ ẹbí. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, mi ò sì fẹ́ kínú wọn bàjẹ́ rárá, àmọ́ owó tá à bá fi ṣe ayẹyẹ ńlá la fẹ́ fi san owó ilé. Mo wá ń rò ó pé kí n ra àdìrẹ tó jọjú n'Ítòkú fún àwọn àti ìyá ọkọ mi, káwọn méjèèjì ṣe ẹlẹ́rìí wa, ṣebí ẹlẹ́rìí méjì náà ni wọ́n ń bèèrè. Ṣé ẹ rò pé ìyẹn á tù wọ́n nínú? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀, kí lẹ sọ fáwọn òbí yín tí wọ́n fi gbà?

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló tún mọ ibi tá a ti lè jẹ ọ̀fadà gidi nítòsí Olúmọ lẹ́yìn tá a bá ya fọ́tò tán, tí ò ní wọ́n jù?